Ó mọ ìṣirò, físíìsì ló ń dà á láàmú: báwo la ṣe lè so méjèèjì pọ̀ fún un?

Ìyá Ìbejì Àpáta:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé mi ni mo gbé wá. SS2 ló wà. Ìṣirò kò yọ ọ́ lẹ́nu rí. Ẹ fún un ní ìdọ́gba tó lọ́jú pọ̀, kí ẹ tó mu omi tán, ó ti tú u. Àmọ́ tí wọ́n bá ti ní "mọ́tò kan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré," ó ti parí nìyẹn. Mo yẹ ìwé rẹ̀ wò. Gbogbo ibi tí tíṣà ti fa igi sí, fọ́múlà ló kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, ó wá ń wá nọ́ńbà tó máa kì bọ inú ẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ jáde dáadáa, kò kàn lè sọ ohun tí ìdáhùn náà jẹ́ ni. Mo bi í pé, "Kí ni 14 yìí?" Ó ní, "Ìdáhùn ni, mà."

Ẹnì kan ní kí n ra ìwé fọ́múlà fún un. Mo rà á, ó mọ̀ ọ́n lórí, kò sì sí ìyàtọ̀. Kọ́mọ́ọ̀sì lèmi ṣe o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ bó ṣe máa yé mi.

Tíṣà Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ìbejì. "Ìdáhùn ni, mà" yẹn gan-an ni àìsàn náà. Ọdọọdún ni mò ń rí i, àwọn tó mọ ìṣirò ló sì máa ń ṣe jù, torí ọwọ́ wọn yá.

Ní kíláàsì ìṣirò, x kò gbé nǹkan kan dání. Ẹ lè yí i sí y tàbí k, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ní tiwa, t àsìkò ni, v eré ni, F ni agbára tó ń ti nǹkan tàbí tó ń fà á. 14 lásán kò sí níbí. Ṣé mítà 14 ni àbí ìṣẹ́jú àáyá 14? Ọmọ tó bá ti gbàgbé ìyẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, á ṣe ìṣirò náà yanjú, kò kàn ní mọ ohun tó ṣe ni.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa gba bírò lọ́wọ́ ọmọ. Ká ní ìbéèrè náà lọ báyìí: Micra kan ń bọ̀ láti Challenge, eré rẹ̀ jẹ́ 72 kìlómítà ní wákàtí kan. Dírẹ́bà rí ewúrẹ́ lójú títì, ó tẹ búrẹ́kì, eré ọkọ̀ wá ń fi 5 m/s dín kù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan títí ó fi dúró. Báwo ni ibi tó rìn lẹ́yìn tó tẹ búrẹ́kì ṣe gùn tó? Kí ọmọ tó kọ ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ sọ ìtàn náà fún mi ní Yorùbá, láìdárúkọ fọ́múlà kankan. Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Kí ló ń dín kù? Kí ni kò yí padà? Ìgbà yẹn ni mo máa wá bi í pé, eré ìgbẹ̀yìn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ á ní wọn ò kọ ọ́ sínú ìbéèrè. Wọ́n kọ ọ́: "títí ó fi dúró." Òdo nìyẹn, wọn ò kàn fi nọ́ńbà kọ ọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí Kẹ́hìndé máa kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sẹ́yìn ìwé rẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì inú ìdánwò kún fún wọn. "Starts from rest": u, eré àkọ́kọ́, jẹ́ òdo. "Smooth": ẹ má ka friction sí, ìyẹn bí ojú ohun méjì tó ń ha ara wọn ṣe ń dá ara wọn dúró. "Light string": okùn náà kò wúwo débi tí a máa kà á. "Constant velocity": eré kò pọ̀ sí i, kò dín kù, kò sì yà síbì kan, torí náà gbogbo agbára tó ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún ti pa ara wọn. Ọmọ tó bá ń wá nọ́ńbà nìkan á fo gbogbo wọn kọjá, bẹ́ẹ̀ inú wọn ni nọ́ńbà náà wà.

Tó bá wá di ìṣirò, 72 km/h, ẹ fi 3.6 pín in, ó di 20 m/s. v² = u² + 2as: v ni eré ìgbẹ̀yìn, a ni bí eré ṣe ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, −5 níbí, s ni ibi tó rìn. 0 = 400 − 10s, s jẹ́ mítà 40. Mi ò ní jẹ́ kó pa ìwé dé o. Mo máa ní, ká ní 36 km/h ni dírẹ́bà ń sá, ìdajì eré àkọ́kọ́, mítà mélòó ló máa fi dúró? Gbogbo kíláàsì á pariwo pé, "Ogún!" Mẹ́wàá ni. Nínú ìdọ́gba yẹn, u ń lọ́po ara rẹ̀, torí náà tí eré bá di ìdajì, ibi tí ọkọ̀ máa rìn kó tó dúró á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ibẹ̀ ni ọmọ á ti wo 2 kékeré tó wà lórí u, á rí i pé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ló ń sọ.

Àǹtí Lẹ́sìnnì Bódìjà:

Mo wà lẹ́yìn Tíṣà, àmọ́ ó ku apá kan. Kẹ́hìndé ti mọ ìṣirò, ẹ má jẹ́ ká máa ṣe bíi pé físíìsì ṣàjèjì sí i. Ìdajì àwọn fọ́múlà tó há sórí yẹn, ó ti kọ́ wọn ní kíláàsì ìṣirò lórúkọ mìíràn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ni.

Ẹ bi í pé kí ni ẹ̀ríà trapezium. Ó ti kọ́ ọ láti JSS: ½(a + b)h, níbi tí a àti b ti jẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjì tí kò lè pàdé láé. Ó dáa. Ẹ ní kó ya gíráàfù eré àti àsìkò fún mọ́tò tí eré rẹ̀ kúrò ní u, tó ń pọ̀ sí i bákan náà títí ó fi di v, láàárín àsìkò t. Kó fa ìlà wá sílẹ̀ láti orí v, kó kun abẹ́ rẹ̀. Kó wá yí ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́. Trapezium ló ń wò yẹn! Ẹ̀gbẹ́ méjì tí kò lè pàdé ni u àti v, gíga rẹ̀ ni t. Ẹ̀ríà rẹ̀ ni ibi tí mọ́tò rìn dé: s = ½(u + v)t. Ọmọ tó bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan kò nílò láti há fọ́múlà yẹn sórí mọ́.

Wọ́n lè bi yín pé báwo ni ẹ̀ríà ṣe di ibi tí mọ́tò rìn dé. Ẹ má fò ó. Tí eré kò bá yí padà, ká ní 20 m/s fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ohun tó wà lábẹ́ ìlà náà jẹ́ rectangle. Gíga rẹ̀ 20, fífẹ̀ rẹ̀ 3, ẹ̀ríà 60. Kó ṣe yúníìtì náà pẹ̀lú: m/s lọ́nà s, s pa s, ó ku m. Mítà lásán, kì í ṣe mítà onígun mẹ́rin tó mọ̀ mọ́ ẹ̀ríà tẹ́lẹ̀. Ó máa ń ya àwọn ọmọ ìṣirò lẹ́nu, ó sì yẹ kó yà wọ́n lẹ́nu. Ohun tí ẹ̀ríà jẹ́ wà lọ́wọ́ ohun tẹ́ ẹ bá kọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gíráàfù.

Ìlà òkè trapezium yẹn náà ní orúkọ: v = u + at. Kó kọ y = mx + c sábẹ́ rẹ̀, kó wá ìkejì lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. c ni u, eré tí mọ́tò ti ní kí aago tó bẹ̀rẹ̀. m ni a. Slope, bí ìlà ṣe dà tó, tí wọ́n ní kó wá kiri ní kíláàsì ìṣirò, òun ni acceleration níbí, bí eré ṣe ń yí padà.

Variation náà ńkọ́? "y varies directly as x," wọ́n wá k, wọ́n rí k, ó tán. Ní físíìsì, Hooke sọ pé bí ẹ ṣe fa spring tó ló ṣe máa gùn sí i tó, k yẹn sì ni bí spring ṣe le tó. Spring tó le, k rẹ̀ tóbi. Boyle ni ti inverse variation: ẹ fún afẹ́fẹ́ mọ́ ìdajì ààyè rẹ̀ láìjẹ́ kó gbóná tàbí kó tutù sí i, agbára tó fi ń ti ara agolo á di ìlọ́po méjì. Ẹ̀kọ́ kan náà ni.

Ẹ jẹ́ n fi àròyé kan kún un. Físíìsì máa ń dé ibi tí ìṣirò kò tíì dé. Tíṣà físíìsì ti nílò sin àti cos, tíṣà ìṣirò ṣì wà lórí set. Staff room kan náà làwọn méjèèjì ń jókòó sí o, wọn ò bi ara wọn. Ìyá Ìbejì, tẹ́ ẹ bá lọ sí ìpàdé PTA, ẹ bá mi gbé ìyẹn síbẹ̀.

SS3 Gbági:

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Cram la fi ń yè é. JAMB, ìbéèrè 180 ní wákàtí 2. Ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ìkọ̀ọ̀kan. Ta ló fẹ́ jókòó sọ ìtàn ewúrẹ́?

Tíṣà Mọ́kọ́lá:

Àbúrò, òótọ́ lo sọ, aago kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àmọ́ gba èyí wò, kó o sọ fọ́múlà tó o cram fún un. Èèyàn kan dúró lórí ilé tó ga ní mítà 25. Ó ju òkò sókè tààrà, eré rẹ̀ 20 m/s. Ká fi g, bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan mọ́ra, sí 10. Òkò náà kọjá ẹ̀gbẹ́ ilé, ó bọ́ sílẹ̀. Ìgbà wo ló kanlẹ̀?

SS3 Gbági:

s = ut + ½at². 25 = 20t − 5t². Ó ń fún mi ní 2 àti kínní kan tó ní gbòǹgbò −1, sà. Kò já geere.

Tíṣà Mọ́kọ́lá:

Kò lè já geere. 25 tó o kọ yẹn, òkè lo gbé e sí. Tí òkè bá jẹ́ púlọ́ọ̀sì, ilẹ̀ wà ní −25, torí ìsàlẹ̀ ọwọ́ ẹni tó ju òkò ló wà. Ìtàn ló máa sọ àmì náà fún ẹ, fọ́múlà kò mọ̀ ọ́n. −25 = 20t − 5t². Pín gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú 5, tò ó, t² − 4t − 5 = 0. (t − 5)(t + 1) = 0. 5 tàbí −1.

Ní kíláàsì ìṣirò, méjèèjì lo máa kọ, wàá gba máàkì kíkún. Níbí, 5. Tí mo bá bi àwọn ọmọ pé kí ló dé, wọ́n á ní àsìkò kì í ní máínọ́ọ̀sì. Ìyẹn kò tó. Ìdọ́gba yẹn kò mọ̀ pé ẹnì kan dúró lórí òrùlé. Ohun tó mọ̀ kò ju pé òkò kan wà nínú afẹ́fẹ́, tó wà ní ibi báyìí, pẹ̀lú eré báyìí, ní àsìkò òdo. Tí ẹnì kan bá ju òkò láti ilẹ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú, pẹ̀lú 30 m/s, òkò náà á kọjá orí òrùlé ní 20 m/s gẹ́lẹ́. Yẹ̀ ẹ́ wò: 30 × 1 − 5 × 1 = 25. Eré rẹ̀ níbẹ̀, 30 − 10 = 20. Òkò yẹn gan-an ni −1 ń sọ. A pa á tì torí ìtàn tiwa bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé, kì í ṣe torí pé ìṣirò ṣì.

Ìṣẹ́jú àáyá 40 tó o sọ, ẹni tó mọ ibi tí máínọ́ọ̀sì ti wá ló máa tó fún.

SS3 Gbági:

Hàà. Mo gbà, sà. Màá ṣì cram díẹ̀ ṣá.

Bàbá Rẹwáyà Mọ́lété:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Iná mọ́tò lèmi ń ṣe. Ọmọ kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ó ti ṣe WAEC, ó lè ka V = E − Ir fún yín bí ẹni ń ka oríkì. Ó gbé mítà lé bátìrì mọ́tò kan, ó rí 12.6. Mo ní kí wọ́n ṣí kọ́kọ́rọ́. Bí stata ṣe ń yí, mítà já sí 10 àti díẹ̀. Ọmọ ní mítà mi ti bàjẹ́.

Mo ní kó gbé oríkì rẹ̀ jáde. E ni 12.6, ìgbà tí kò sí ohun tó ń fa iná. I ni iná tí stata ń fà, ká fi sí 150. r ni ohun tó ń dènà iná nínú ikùn bátìrì fúnra rẹ̀, ó kéré gan-an, ká ní 0.016. 150 lọ́nà 0.016, 2.4. Yọ ọ́ nínú 12.6, ó ku 10.2. Ohun tí mítà kọ nìyẹn. Ó dákẹ́.

Bátìrì tó bá ti gbó, r rẹ̀ á ti wú. Ká ní ó ti di 0.04. Tí stata bá fẹ́ fa 150 yẹn, fólítì 6 á ti run sínú bátìrì, 6.6 ló kù. Stata á kàn máa dún ká, ká, ká. Oníbàárà á wá bá mi jà pé bátìrì òun dáa, ẹ wo iná iwájú, ó ń tàn rekete. Ó gbọ́dọ̀ tàn! Iná iwájú méjèèjì kì í fà ju bíi 10 lọ. 10 lọ́nà 0.04 kò ju 0.4. 12.2 ṣì wà fún un. Bátìrì kan náà, r kan náà, I ló yàtọ̀. Gbogbo ìjà oníbàárà tí mò ń là, inú ìdọ́gba kékeré yẹn ni.

Àǹtí Lẹ́sìnnì Bódìjà:

Bàbá, ẹ wá bá mi kọ́ wọn lọ́jọ́ Sátidé. Kẹ́hìndé, bá mi kọ ti Bàbá yìí sábẹ́ y = mx + c náà. V dúró fún y, I fún x. c ni E. Slope ni −r, ìdí tí ìlà fi ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Bátìrì tó gbó, ìlà rẹ̀ á dà sílẹ̀ ju ti tuntun lọ.

Ọmọ Físíìsì UI:

Ẹ káalẹ́, ẹ̀yin àgbà. 300 level ni mo wà. Ìṣòro yìí kì í parí ní sẹ́kọ́ńdìrì, mà. Ẹ wo èyí: ooru orí irin pẹlẹbẹ kan jẹ́ T(x, y) = k(x² + y²). Kí ni T(r, θ)? Àwọn tó wá láti ẹ̀ka físíìsì á sọ pé kr², torí r ni bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí àárín, θ ni igun rẹ̀, r² sì ni x² + y². Àwọn ará ìṣirò á sọ pé k(r² + θ²). Àwọn méjèèjì kò ṣàṣìṣe. Fún oníṣirò, T jẹ́ òfin kan: mú ohun àkọ́kọ́ lọ́po ara rẹ̀, mú ìkejì lọ́po ara rẹ̀, pa wọ́n pọ̀, fi k lọ́po. Fún wa, T ni bí irin ṣe gbóná tó níbi tí mo fi ìka kàn, ibi yòówù kí n pè é. Àwọn tíṣà ní Amẹ́ríkà máa ń fi ìbéèrè yìí mọ ẹ̀ka tí èèyàn ti wá. Tí àwọn àgbà bá lè pín sí méjì lórí T kan ṣoṣo, kò yẹ ká na Kẹ́hìndé.

Ní Yunifásítì Maryland, Tuminaro àti Redish kọ ìwádìí kan ní 2007, tí wọ́n fi wo ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe gan-an nígbà tí wọ́n bá ń yanjú ìbéèrè físíìsì. Wọ́n to oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn kí wọ́n tó lọ sí ìdọ́gba. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdọ́gba, wọ́n á wá padà wá ìtàn fún un. Àwọn kan ń ya àwòrán. Àwọn kan kàn ń wá fọ́múlà tó ní lẹ́tà tí wọ́n ń wá, wọ́n á kì nọ́ńbà bọ̀ ọ́. Tí lẹ́tà kan bá kù, wọ́n á wá fọ́múlà mìíràn fún òun náà. Ti Kẹ́hìndé ni ìgbẹ̀yìn yìí. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé kò túmọ̀ sí pé ọmọ kò mọ àwọn ọ̀nà yòókù. Eré tó rò pé wọ́n ní kóun ṣe ló ń ṣe. Ẹ yí ìbéèrè tẹ́ ẹ ń bi í padà, ó lè fò sí òmíràn lójú ẹsẹ̀.

Mo máa ń fi Ilé Kòkó ní Dúgbẹ̀ dán àwọn tí mò ń kọ́ wò. Mítà 105 ni gíga rẹ̀. Ẹ má ka afẹ́fẹ́ sí, ẹ jẹ́ kí òkò bọ́ láti orí rẹ̀, g jẹ́ 10. 105 = 5t², t² = 21, bí ìṣẹ́jú àáyá 4.6. Eré tó fi kanlẹ̀, bíi 46 m/s. Ọmọ kan kọ 458. Ó gbé ojú àmì kúrò níbi tó yẹ, kákúlétọ̀ kì í sì í tijú. Mi ò fagi lé e. Mo bi í pé eré mélòó ni ohùn ń sá nínú afẹ́fẹ́. Ó mọ̀ ọ́n, nǹkan bíi 340 m/s. Ó wo ìwé rẹ̀, ó wo mi, ó fúnra rẹ̀ fagi lé e. Ẹ jẹ́ kí Kẹ́hìndé kó irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sórí dípò fọ́múlà: eré ẹni tó ń rìn, bíi 1.5 m/s, ọkọ̀ tó ń sá 100 km/h, bíi 28 m/s, ohùn, 340. Tí ìdáhùn bá jáde, kó rí ohun tó máa fi wọ̀n ọ́n.

Dírẹ́bà Ìwó Road:

Ẹ jẹ́ kí èmi náà bi yín ní tèmi. Ká pe Ìbàdàn sí Èkó ní 120 kìlómítà. Mo fi 60 lọ. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dé, mo fi 40 bọ̀. Average eré mi lórí lílọ àtibọ̀ jẹ́ mélòó? Ẹni tó bá sọ pé 50, kó má wọ ọkọ̀ mi.

Ìyá Ìbejì Àpáta:

Èmi tí mo ṣe kọ́mọ́ọ̀sì, 50 ni mo rí. Kẹ́hìndé ń rẹ́rìn-ín. Ó ní 48. Ó ní lílọ gba wákàtí 2, bíbọ̀ gba 3, 240 pín sí 5. Ó ní pé ẹ pẹ́ nínú 40 ju inú 60 lọ, ìyẹn ló fi fà á wálẹ̀. Kò kọ fọ́múlà kankan kó tó sọ ọ́ o! Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi báyìí.

Ẹ káalẹ́ mà, ẹ káalẹ́ sà. Kẹ́hìndé ni. Ẹ ṣeun gan-an. Ohun tó ń rú mi lójú jù ni nǹkan tó wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mi ò mọ ìgbà tó jẹ́ mg sin θ àti ìgbà tó jẹ́ mg cos θ. Mo máa ń há a, ó máa ń dàrú tí wọ́n bá yí àwòrán padà.

Ọmọ Físíìsì UI:

Àbúrò mi, má há a. Ronú nípa ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sórí òkè Màpó láìfa hándì-búrẹ́kì. Kí lo fẹ́ mọ̀? Agbára tó ń fà á sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Wá tẹ́ òkè náà pẹrẹsẹ nínú ọkàn rẹ, θ, igun òkè náà, di òdo. Ṣé ọkọ̀ á rìn? Kò ní rìn. Agbára yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Èwo nínú sin 0 àti cos 0 ló jẹ́ òdo? Sin. Gbé òkè náà dúró bí ògiri, θ di 90. Ọkọ̀ á já bọ́ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀, mg, sin 90 jẹ́ 1. Ó bá ara mu ní òpin méjèèjì. Èyí tó kù, mg cos θ, ni ọkọ̀ fi ń tẹ ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀: ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ gbogbo ìwúwo, lára ògiri òdo.

Àmọ́ tí wọ́n bá ya θ láti orí ìlà tó dúró ṣánṣán dípò láti orí ilẹ̀, méjèèjì á gba ipò ara wọn. Ìdí tó fi ń dàrú mọ́ ẹ lọ́wọ́ nìyẹn. Wo ibi tí wọ́n ya igun sí, kó o tún òkè náà tẹ́, kó o tún un gbé dúró.

Ìyá Ìbejì Àpáta:

Kẹ́hìndé tún ni, mà, sà. Ó ti yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìkan péré ló kù. Nínú práktíkà òkúta tí wọ́n so mọ́ okùn tó ń fì, níbi tí T ti jẹ́ àsìkò tó fi ń fì lọ tó sì fi ń padà, L sì jẹ́ gígùn okùn, kí ló dé tí wọ́n fi ní ká ya T² dípò T? Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é.

Àǹtí Lẹ́sìnnì Bódìjà:

Ìbéèrè tó dáa jù nínú gbogbo ohun tá a ti ń sọ nìyẹn, ọmọ mi. T = 2π√(L/g). Tó o bá ya T pẹ̀lú L, ìlà rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun, o ò sì lè rí slope kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ojú èèyàn kò mọ ọ̀nà títẹ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn, àmọ́ ó mọ ìlà tó tọ́. Torí náà a lọ wá ohun tó máa sọ ọ́ di y = mx + c. Fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ́po ara wọn: T² = (4π²/g)L. T² ni y rẹ, L ni x, 4π²/g ni slope, c jẹ́ òdo. Slope máa ń wá ní nǹkan bíi 4. 4π² jẹ́ 39.5, pín in sí 4, ó di nǹkan bíi 9.9. Okùn àti òkúta lo fi wọn bí ilé ayé ṣe ń fa nǹkan mọ́ra!

Tí ìlà rẹ kò bá gba òdo kọjá, má fi ipá fà á síbẹ̀. Wo okùn rẹ. Ó lè jẹ́ pé orí òkúta lo wọ̀n ọ́n dé dípò àárín rẹ̀. c tí kì í ṣe òdo náà ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ pé gbogbo L rẹ kúrú pẹ̀lú iye kan náà.

SS3 Gbági:

Ẹ gbà mí láàyè, mo ṣì ní ọ̀rọ̀ kan. g yìí, 10 ni àbí 9.8? Tíṣà wa ní 10, ìwé kan ní 9.8, Àǹtí ti tún ní 9.9.

Tíṣà Mọ́kọ́lá:

Èyí tí wọ́n bá tẹ̀ sí ìparí ìbéèrè ni kó o lò. WAEC sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé 10. Nínú práktíkà, má kọ 10, má kọ 9.8: èyí tí gíráàfù rẹ bá fún ẹ ni kó o kọ, ìbáà jẹ́ 9.6, pẹ̀lú yúníìtì rẹ̀.